Ọ̀já Tí Kò Sí Lọ́jà: Ìtàn Tọ́níkẹ́ẹ̀tì, Láti Ojú Ogun Dé Orí Òkè Àkókó

Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Àkókó mọ̀ pé ilẹ̀ olókè ni. Bí ọkọ̀ bá ti kúrò ní Ọ̀wọ̀, tó kọjá Ọ̀bà, tó ń wọ Àkùngbá lọ, àpáta ńláńlá ni yóò máa rí lọ́tùn-ún lósì. Láti ibẹ̀, Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà kò jìnnà mọ́. Àwọn òkè wọ̀nyí ni àwọn baba ńlá wa sá sí ní ọ̀rúndún 19, nígbà tí àwọn jagunjagun Nupe ń kó ilẹ̀ Àkókó lẹ́rú. Òkè gbà wọ́n nígbà náà. Lónìí, òkè kan náà ti di ibi tí ọkọ̀ àjàgbé ti ń pa àwọn ọmọ wọn.

Ní ọjọ́ Sátidé, 23 oṣù Kínní 2021, ọkọ̀ àjàgbé kan bọ́ lọ́wọ́ awakọ̀ ní Àkùngbá, ó sì já lu àwọn ènìyàn nítòsí Yunifásítì Adékúnlé Ajásin. Ó gbẹ̀mí àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, akẹ́kọ̀ọ́ sì wà nínú wọn. Ìlú kún fún ẹkún. Kò tíì pé ọdún kan àbọ̀ sí i tí ìbànújẹ́ mìíràn fi dé sí Ọ̀wọ̀. Ní ọjọ́ Àìkú, 5 oṣù Kẹfà 2022, àwọn apànìyàn fi ìbọn àti àdó olóró kọlu àwọn olùjọsìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis. Nǹkan bí ènìyàn 40 ló kú, ọ̀pọ̀ mìíràn sì farapa. Wọ́n sáré gbé àwọn tó farapa lọ sí FMC Ọ̀wọ̀ àti àwọn ilé-ìwòsàn mìíràn nínú ìlú, àwọn ará ìlú sì jáde láti fi ẹ̀jẹ̀ ara wọn tọrẹ.

Ìwé ìròyìn a máa sọ iye ẹni tó kú àti iye ẹni tó farapa. Ìbéèrè kan wà tó ṣòro láti rí nínú irú ìròyìn bẹ́ẹ̀: láàárín ìgbà tí ìjàǹbá ṣẹlẹ̀ àti ìgbà tí ọkọ̀ dé ilé-ìwòsàn, kí ló wà lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń tú lára rẹ̀? Ní Àkókó, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ibi nílẹ̀ yìí, ọwọ́ òfo ni. Bẹ́ẹ̀ ohun kan wà tí a dìídì ṣe fún ìṣẹ́jú díẹ̀ wọ̀nyẹn. Tọ́níkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè é. Ìtàn rẹ̀, àti ìdí tí kò fi sí lórí igbá ẹnikẹ́ni lọ́jà wa, ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé.

Tọ́níkẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ohun àràmàǹdà. Ọ̀já tó fẹ̀ díẹ̀ ni, tó ní ọ̀pá kékeré kan lára. A ó fi ọ̀já náà yí apá tàbí ẹsẹ̀ tó ń ṣẹ̀jẹ̀ ká, lókè ojú ọgbẹ́. A ó fà á le. A ó wá máa yí ọ̀pá náà títí ọ̀já yóò fi fún ẹran ara dé ibi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ yóò pa dé. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dá, a ó há ọ̀pá náà mọ́ ibi tí a ṣe fún un kí ó má baà tú. Gbogbo rẹ̀ kò yẹ kó ju ìṣẹ́jú kan lọ fún ẹni tó ti kọ́ ọ. Ẹni tí iṣan ńlá itan rẹ̀ bá já lè kú láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Láti Ìkàrẹ́ sí Ọ̀wọ̀ tó nǹkan bí 50 kìlómítà. Kò sí awakọ̀, bó ti wù kó mọ eré sá tó, tó lè sáré ju ẹ̀jẹ̀ lọ.

Ojú ogun ni ohun èlò yìí ti wá. Lọ́dún 1674, nígbà tí ogun dó ti ìlú Besançon, oníṣẹ́-abẹ ará Faransé kan, Etienne Morel, fi igi kékeré yí okùn mọ́ ẹsẹ̀ àwọn tó fara gbọgbẹ́, ẹ̀jẹ̀ sì dá. Lọ́dún 1718, Jean-Louis Petit, òun náà ará Faransé, ṣe èyí tó ní ìdè tí a ń yí bí ìṣó oníhò. Láti ara ọ̀rọ̀ Faransé tó túmọ̀ sí "yí" ni orúkọ tọ́níkẹ́ẹ̀tì ti wá. Lọ́dún 1873, Friedrich von Esmarch, dókítà ológun ní Jámánì, mú ọ̀já rọ́bà jáde, èyí tó ràn káàkiri yàrá iṣẹ́-abẹ ní gbogbo Yúróòpù.

Ibi tí a ti dárúkọ rọ́bà yìí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá. Ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e, ayé ń wá rọ́bà kiri fún táyà, fún páìpù, fún aṣọ òjò àti fún ohun èlò ìṣègùn. Igbó ilẹ̀ Yorùbá ní igi irẹ́, tí oje rẹ̀ ń di rọ́bà. Nígbà tó fi di 1895, rọ́bà tó gba èbúté Èkó jáde lọ́dún kan lé ní mílíọ̀nù 5 ìwọ̀n pọ́n-ùn. Àwọn tó ń kọ igi náà kò fún un ní ìsinmi. Wọ́n kọ ọ́ títí ó fi gbẹ, òwò náà sì wó láàárín ọdún díẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà náà kò tíì yí padà púpọ̀: ohun tútù ni à ń tà, ohun tí a ti fi ọwọ́ ṣe ni à ń rà padà, ní iye tí ẹni tó ṣe é bá dá.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, tọ́níkẹ́ẹ̀tì di ohun ìkórìíra lójú ọ̀pọ̀ dókítà. Wọ́n ń so ó mọ́ ẹsẹ̀ ọmọ ogun, ọmọ ogun náà á wà nínú kòtò fún wákàtí pípẹ́ kí wọ́n tó rí i gbé dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹsẹ̀ á sì ti kú. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń kọ́ni pé ohun tí a ń lò gbẹ̀yìn ni, nígbà tí gbogbo ọ̀nà mìíràn bá ti pin. Ẹ̀kọ́ yìí pẹ́ nínú ìwé ìrànlọ́wọ́ àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó kọ́ ọ nílé-ìwé ṣì ń rántí rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ogun Àgbáyé Kejì kan ilé wa gan-an. Isaac Fadoyebo, ọmọ Èmùrè-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, wọṣẹ́ ológun nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 16. Wọ́n kọ́ ọ ní iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ ìṣègùn, wọ́n sì kó òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Burma. Ní oṣù Kẹta 1944, ní àfonífojì odò Kaladan, àwọn ọmọ ogun Japan kọlù wọ́n lójijì. Ìbọn bà á lẹ́sẹ̀ àti níkùn. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti tọ́jú ọgbẹ́ ẹlòmíràn wá di ẹni tó dùbúlẹ̀ sínú igbó láìsí ẹni tó lè tọ́jú tirẹ̀. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sierra Leone, ló ṣẹ́kù; àwọn ará abúlé fi wọ́n pamọ́, wọ́n sì ń bọ́ wọn fún nǹkan bí oṣù 9 kí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó rí wọn. Fadoyebo padà sílé, ó pẹ́ láyé, ó sì kú lọ́dún 2012. Ó kọ ìtàn ara rẹ̀ sínú ìwé kan tó pè ní A Stroke of Unbelievable Luck. Oríire ni ó ka ẹ̀mí rẹ̀ sí, kò sì jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ìlú tó bá fi oríire nìkan ṣe ètò ìlera, òkú rẹ̀ kò ní í yé pọ̀.

Ogun Vietnam ló kọ́kọ́ mú kí àwọn ènìyàn tún ọ̀rọ̀ náà rò. Nígbà tí wọ́n ka òkú, wọ́n rí i pé àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó lé ní 2,500 ló kú nítorí ẹ̀jẹ̀ tó dà láti apá tàbí ẹsẹ̀ nìkan, láìsí ọgbẹ́ ńlá mìíràn lára wọn. Bí ẹnìkan bá ti di apá tàbí ẹsẹ̀ náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ì bá padà sílé. Síbẹ̀, ó tó ogun Iraq àti Afghanistan kí ìyípadà gidi tó dé. Àwọn olùwádìí ológun Amẹ́ríkà dán oríṣiríṣi tọ́níkẹ́ẹ̀tì wò, wọ́n yan àwọn tó dá ẹ̀jẹ̀ dúró láìkùnà, nígbà tó sì di 2005, èyí tí wọ́n ń pè ní CAT di ẹrù tí ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan ń gbé.

Èrè rẹ̀ hàn kíákíá. Nínú ìwádìí kan tí John Kragh àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní ilé-ìwòsàn ológun kan ní Baghdad lọ́dún 2006, wọ́n tẹ̀ lé ènìyàn 232 tí wọ́n fi tọ́níkẹ́ẹ̀tì sí lára. Nínú àwọn tí wọ́n so ó fún kí ara wọn tó dá nítorí àìtó ẹ̀jẹ̀, ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ló yè. Nínú àwọn tí wọ́n so ó fún lẹ́yìn tí ara ti dá, ìdá 10 péré ló yè. Kò sí ẹnì kan nínú gbogbo wọn tó pàdánù apá tàbí ẹsẹ̀ nítorí tọ́níkẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Ìbẹ̀rù tó ti wà láti ọdún 1914 yẹ kó kúrò nílẹ̀ níbẹ̀: ìdádúró ló ń pani.

Láti ojú ogun, ó wọ ìgboro. Ní oṣù Kẹrin 2013, nígbà tí àdó olóró bú ní ibi eré ìje Boston, àwọn tó wà nítòsí fi ohun tó wà lọ́wọ́ wọn di ẹsẹ̀ àwọn tó farapa. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà fi hàn pé tọ́níkẹ́ẹ̀tì 27 ni wọ́n lò níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe lójú ẹsẹ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà dá ètò Stop the Bleed sílẹ̀ lọ́dún 2015 láti kọ́ ará ìlú bí a ti ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, gẹ́gẹ́ bí a ti ń kọ́ wọn láti pa iná.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ọjà. Ilé-iṣẹ́ North American Rescue, ní ìpínlẹ̀ South Carolina ní Amẹ́ríkà, ló ń ta CAT. Ojúlówó kan ń lọ ní nǹkan bí dọ́là 30 lọ́hùn-ún. Kí ìjọba wa tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2023, nígbà tí báńkì ń ṣẹ́ dọ́là kan ní nǹkan bí 460 náírà, owó yẹn kò tó 14,000 náírà. Nígbà tí dọ́là kan di nǹkan bí 1,500 náírà lọ́dún 2024, ó di 45,000 náírà, láìtíì ka owó ẹrù, owó ẹnubodè àti èrè ẹni tó ń tà á. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba fọwọ́ sí ní oṣù Keje 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Ọ̀já kan ṣoṣo, tí a ń gbàdúrà kí a má lò ó, ju ìdajì rẹ̀ lọ.

Nítorí náà ni ayédèrú fi rí àyè. Láti ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn kan ti ń ṣe àfarawé CAT, tí wọ́n sì ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní iye tó kéré jọjọ. Lójú, ó jọ ojúlówó dé ibi lẹ́tà ara rẹ̀. Àṣírí rẹ̀ kì í tú àfi ní ọjọ́ ìlò: ọ̀pá rẹ̀ á tẹ̀ tàbí kó kán, ọ̀já rẹ̀ á sì tú. Nígbà tí Russia kọlu Ukraine ní oṣù Kejì 2022, tí gbogbo ènìyàn ń wá tọ́níkẹ́ẹ̀tì, ayédèrú dé ọwọ́ àwọn ọmọ ogun pẹ̀lú. Àwọn ará Ukraine náà sì ń ṣe tiwọn fúnra wọn. Ṣáájú ìgbà náà, lọ́dún 2018, àwọn dókítà kan ní Gaza, níbi tí ẹrù kò ti rọrùn láti wọlé, ti ń fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D tẹ àwọn ẹ̀yà ara tọ́níkẹ́ẹ̀tì. Ohun tí ìtàn méjèèjì kọ́ wa ni pé ibi tí ọgbẹ́ bá ti pọ̀, tí owó sì kéré, àfi kí àwọn ará ibẹ̀ ronú ara wọn.

Ọ̀nà tí ẹrù ìṣègùn ń gbà dé Ìkàrẹ́ kò ṣókùnkùn. Ìkàrẹ́ ni ọjà ńlá Àkókó. Láti ibẹ̀ ni àwọn oníkẹ́míìsì ìlú kéékèèké ti ń rajà. Ẹrù tiwọn náà sì ń wá láti àwọn ọjà òògùn ńláńlá bí Ìdúmọ̀tà ní Èkó àti Onitsha. Àwọn ọjà wọ̀nyí kan náà ni àjọ NAFDAC tì ní oṣù Kejì 2025, pẹ̀lú ti Aba, nítorí ayédèrú òògùn àti èyí tí ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀. Bí ẹni tó ń ta òògùn ibà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ bá lè ta ayédèrú, kí ni yóò ṣe nípa ọ̀já tí ẹnikẹ́ni kò mọ ojúlówó rẹ̀ rí?

Òǹtajà kì í kó ohun tí ẹnikẹ́ni kò béèrè. Òwú, báńdéèjì, pílásítà àti sípírítì wà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì nítorí pé a ń béèrè wọn. Bí ènìyàn bá sì dárúkọ tọ́níkẹ́ẹ̀tì, kí ó má yà á lẹ́nu bí wọ́n bá mú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ jáde fún un, èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń so apá nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò. Orúkọ kan náà ni, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni. Rọ́bà yẹn kò lè dá ẹ̀jẹ̀ iṣan ńlá dúró.

Ohun kan tún wà tí a kò gbọdọ̀ fò dá. Àwọn àgbẹ̀ àti ọdẹ wa kò ṣàìmọ dídè. Bí ejò bá bu ènìyàn jẹ nínú oko Ọ̀kà, ohun àkọ́kọ́ tí wọn yóò ṣe ni láti fi okùn tàbí rọ́bà di ẹsẹ̀ náà pinpin kí oró má baà gòkè. Bí àdá bá sì gé ẹni kan náà lẹ́sẹ̀, ewé tàbí ìyẹ̀fun ni wọn yóò fi sí i. Ìdákejì rẹ̀ gan-an ló tọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ pé kí a má ṣe di ẹsẹ̀ tí ejò bù jẹ pinpin, nítorí pé ó lè ba ẹran ara jẹ́, ó sì lè mú kí ẹsẹ̀ kú. Kí a fọkàn ẹni náà balẹ̀, kí a má jẹ́ kó rìn, kí a fi igi gbe ẹsẹ̀ náà kó má baà mì, kí a sì gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn. Ẹ̀jẹ̀ tó ń tú jáde bí omi ẹ̀rọ ni a ń dè.

Kí wá ni ṣíṣe? Èkíní, kí a mọ ọ̀nà rẹ̀. Bí ènìyàn bá ń ṣẹ̀jẹ̀, aṣọ mímọ́ ni a kọ́kọ́ fi ń tẹ ojú ọgbẹ́, pẹ̀lú gbogbo agbára ọwọ́ méjèèjì. Bó bá jẹ́ apá tàbí ẹsẹ̀ ni, tí ẹ̀jẹ̀ kò sì dáwọ́ dúró, a ó so tọ́níkẹ́ẹ̀tì ní nǹkan bí ìbú ìka mẹ́ta sí mẹ́rin lókè ọgbẹ́ náà. A kì í so ó sórí orúnkún tàbí ìgúnpá. A ó fún un títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dá, bí ó ti wù kí ẹni náà ké tó, nítorí pé ó ń dunni. A ó kọ àkókò tí a so ó sílẹ̀. A kò gbọdọ̀ tú u lójú ọ̀nà. Dókítà ni yóò tú u, ó sì dára kó má ju wákàtí 2 lọ. A kì í so ó mọ́ ọrùn, àyà tàbí ikùn.

Bí kò bá sí ojúlówó nílẹ̀, aṣọ tó fẹ̀ tó sì lágbára lè ṣe é, pẹ̀lú igi tó le tí a ó fi yí i. Ọ̀já tí àwọn ìyá wa fi ń pọnmọ dára fún un ju okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí wáyà lọ, nítorí pé ohun tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń gé ẹran. Igi náà ṣe pàtàkì: aṣọ tí a kàn ta ní kókó láìyí i kì í sábà le tó, ó sì lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ túbọ̀ máa dà.

Èkejì, kí a rà á papọ̀. Ohun tí 45,000 náírà jẹ́ fún awakọ̀ kan kọ́ ló jẹ́ fún ibùdókọ̀ kan. Bí awakọ̀ 60 bá dá 1,500 náírà kọ̀ọ̀kan, 90,000 náírà ni, ó sì lè ra méjì ní iye tí a ṣírò yẹn. Ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ẹgbẹ́ ọdẹ àti ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn lè ṣe bákan náà. Kí wọ́n rà á nípasẹ̀ apòògùn tó ní ìwé àṣẹ, tó lè fi ẹ̀rí ibi tó ti rà á hàn. Kí wọ́n sì ya ọ̀kan sọ́tọ̀ fún ìdánrawò, èyí tí wọn kò ní í lò fún ẹni tó farapa. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń fi aṣọ àti fóònù ránṣẹ́, lè fi ìwọ̀nba kún ẹrù wọn.

Ẹ̀kẹta kan ìjọba. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014 sọ pé ilé-ìwòsàn kò gbọdọ̀ kọ ẹni tó wà nínú ewu pàjáwìrì. Òfin ti 2017 sọ pé kí wọ́n tọ́jú ẹni tí ìbọn bà, yálà ó mú ìwé ọlọ́pàá wá tàbí kò mú un wá. Òfin méjèèjì dára, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ilé-ìwòsàn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àjọ FRSC, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1988, ló ń mójú tó ààbò lójú ọ̀nà. Ó yẹ kí tọ́níkẹ́ẹ̀tì wà nínú àpótí ìrànlọ́wọ́ àkọ́kọ́, ó kéré tán nínú ọkọ̀ akérò àti ọkọ̀ àjàgbé. Lọ́jọ́ tí òfin bá béèrè rẹ̀ ni àwọn òǹtajà Ìkàrẹ́ yóò kó o wá.

Àwọn àgbà ní bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Bí ọkọ̀ tí kò ní bíréèkì bá ṣì ń sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè Àkókó, tí ìbọn sì wà lọ́wọ́ àwọn ẹni ibi, ẹ̀jẹ̀ kò ní í tán lójú ọ̀nà wa. Kí a máa lépa iná náà lọ, kí ìjọba tún ọ̀nà ṣe, kí ó sì yẹ àwọn ọkọ̀ wò. Ṣùgbọ́n títí tí ìyẹn yóò fi ṣẹ, ẹni tó ń ṣẹ̀jẹ̀ lónìí kò lè dúró dè wá. Ọ̀la, nígbà tí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì àdúgbò yín, ẹ béèrè tọ́níkẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n bá ní àwọn kò ní in, ẹ tún béèrè lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.